Ogun parí ní Bouaké: ta ló wá ń gba owó lójú ọ̀nà?

Olùwádìí Taakí

Ẹ̀yin ará wa nílé lóko, mo kí yín. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ohun tí mo ń wádìí ni bí wọ́n ṣe ń to ìjọba pa dà lẹ́yìn ogun, àti ibi tí àwọn ẹgbẹ́ tí òfin kò mọ̀ ń wọlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Mo gbé e wá síbí nítorí pé àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ kò sí ní yunifásítì. Wọ́n jókòó sí ìsọ̀ ní Ọjà Jagun àti ní Arada, àwọn mìíràn ń sinmi nílé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí wọ́n fi ṣòwò ní Àbíjàn, Bouaké àti Korhogo. Àwọn ará Èjìgbò àti àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Côte d'Ivoire láyé ìgbà yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀.

Fún àwọn tó kéré nígbà náà: ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002, àwọn sójà kan dìtẹ̀ sí ìjọba Laurent Gbagbo, ààrẹ Côte d'Ivoire. Wọn ò rí Àbíjàn gbà, ṣùgbọ́n Bouaké àti Korhogo bọ́ sí wọn lọ́wọ́, apá àríwá sì di tiwọn. Forces Nouvelles ni wọ́n wá ń jẹ́. Wọ́n pín ilẹ̀ ọwọ́ wọn sí 10, wọ́n fi ọ̀gágun kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí, òun ni gbogbo èèyàn ń pè ní com'zone. Wọ́n dá ilé ìṣúra sílẹ̀ ní Bouaké, La Centrale lorúkọ rẹ̀. Tirela kòkó, òwú àti kaṣú kì í kọjá láìsanwó fún wọn. Dáyámọ́ńdì Séguéla náà wà nílẹ̀ wọn, títí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ní kí ẹnikẹ́ni má ra dáyámọ́ńdì orílẹ̀-èdè náà mọ́ ní oṣù Kejìlá 2005. Ó di 2014 kí òfin yẹn tó kúrò nílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ sọ rèé. Nígbà tí ìjà parí ní 2011, tí wọ́n mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, àwọn com'zone kò sá wọgbó. Wọ́n wọ iṣẹ́ sójà ìjọba, ipò ọ̀gá ni wọ́n sì bọ́ sí. Orí wọn ni wọ́n kọ́ ìjọba tuntun lé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí pé báwo ni ìjọba ṣe ń borí ẹgbẹ́ aláìbófinmu lẹ́yìn ogun, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń gba owó lójú ọ̀nà, ẹni tó ń dájọ́, àti ẹni tí èèyàn ń sá tọ̀ nígbà tí wọ́n bá jí ẹrù rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni ìjọba wà, ìbáà jẹ́ pé òfin mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín tàbí lẹ́nu àwọn òbí yín. Kí lẹ san? Ta lẹ san án fún? Ṣé wọ́n já ìwé fún yín?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Bouaké ni ìyá mi ti ta aṣọ. Ọjà ńlá ibẹ̀ jóná ní 1998, wọn ò sì tíì tún un kọ́ tí ogun fi dé, ẹ̀gbẹ́ títì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń tajà. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ sí wọn létí, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ohun tí wọ́n sọ kò rí bí mo ṣe rò. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́tẹ̀, èèyàn á sanwó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fún un ní ìwé, ìwé yẹn ni yóò máa fi hàn títí dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rékọjá sí gúúsù, lọ́dọ̀ ìjọba tí gbogbo ayé mọ̀, ibi gbogbo tí wọ́n bá ti na okùn dí ọ̀nà ni wọ́n ti ń san. Ẹni tó gbà á láàárọ̀ kò ní kí ẹni tó wà níwájú má gbà á. Ìyá mi ní àwọn ò mọ èyí tí àwọn ì bá pè ní olè nínú àwọn méjèèjì.

Wọ́n tún ní kí n má gbàgbé èyí: àwọn ọjọ́ kan wà tí ọmọkùnrin kan tó gbé ìbọn kọ́rùn á kàn gbé odindi ìdì aṣọ, tí kò sì sí ibi tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn, nítorí pé èèyàn ọ̀gá ni. Ìwé ò ran nǹkan lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Títí di òní olónìí, tí àwọn ọmọdé bá ń yin nǹkan aláriwo lásìkò Kérésìmesì, inú yàrá ni màmá máa ń wọ̀.

Akin Apákè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Ẹni tó gbé ìbọn dínà tó ń gbowó lọ́wọ́ ìyá oníyàá, olè ni. Ó já ìwé o, kò já ìwé o, olè ni. Bí ẹ bá ń sọ pé wọ́n "ṣèjọba", iyì lẹ fún wọn yẹn, ẹlòmíì á sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé bí àwọn tó ń jí èèyàn gbé lọ́nà oko lọ́dọ̀ wa náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í já ìwé, a máa pe àwọn náà ní ìjọba?

Olùwádìí Taakí

Akin, àbúrò mi, ìbínú rẹ tọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń yìn wọ́n. Ní oṣù Kẹwàá 2002, wọ́n pa ọ̀pọ̀ jandáámù (ọlọ́pàá ológun ìjọba) tí wọ́n ti mú ní Bouaké, àwọn tí kò ní ìbọn lọ́wọ́ mọ́. Ní oṣù Kẹfà 2004, wọ́n ti àwọn èèyàn mọ́ inú kọ̀nténà ní Korhogo, ooru àti àìrí èémí mí pa wọ́n síbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ com'zone Korhogo, Fofié Kouakou Martin, wà lára àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin dè ní 2006, pé kó má rìnrìn àjò, kí wọ́n sì ti owó rẹ̀ pa. Lẹ́yìn ogun, ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ sójà.

Èyí gan-an ló ń dùn mí, òun ló sì jẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ yìí lọ. Bí a bá pè wọ́n lólè tí a sì dákẹ́ síbẹ̀, a ò ní mọ bí olè ṣe di ọ̀gá. Charles Tilly, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1985 pé bí àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù ṣe kó ìjọba wọn jọ láyé àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti jàǹdùkú tó ń gbowó ààbò: wọ́n ń jagun, wọ́n ń gbowó ogun lọ́wọ́ aráàlú, wọ́n sì ń fi owó náà lé àwọn tó fẹ́ bá wọn dù ú. Kò sọ pé ó dára. Ó ní bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Nípa àwọn ajínigbé tí o dárúkọ: wọn kì í já ìwé nítorí pé wọn ò retí pé o máa pa dà gba ọ̀nà yẹn. Ẹni tó ń já ìwé fẹ́ kí o pa dà wá lọ́la. Ìyàtọ̀ yẹn kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni rere, ṣùgbọ́n òun ló sọ irú ẹgbẹ́ tí a ń bá lò.

Alágbà Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ má tíì lọ jìnnà dé Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ilé.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí àwọn ìlú ń fọ́ káàkiri, ìlú wa yìí gba àwọn tó ń sá fógun mọ́ra láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe di ńlá. Ìbàdàn ní tirẹ̀, ibùdó ogun ló jẹ́. Kò ní ọba aládé nígbà yẹn; ẹni tó bá ní ọmọ ogun púpọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta. Àwọn ọmọ ogun yẹn kò ní owó oṣù. Ohun tí wọ́n bá kó lójú ogun ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí Ìbàdàn wá borí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó rán ajẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ń gba ti ọ̀gá rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ sì ń gba tiwọn lọ́tọ̀: ẹran ọ̀sìn, iṣu, aya àti ọmọ olómọ. Ẹ fi wé ọmọkùnrin tó gbé ìdì aṣọ ìyá wa ní Bouaké. Inú ìwà yẹn ni ogun Kírìjì ti rú jáde, láti 1877 títí di 1893.

Àwọn òyìnbó tó wá parí ìjà náà ńkọ́? Nígbà tí Glover, òyìnbó aláṣẹ Èkó, ń kó ẹ̀ṣọ́ jọ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, àwọn ẹrú Hausa tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ló fi kún un. Lójú àwọn olówó wọn, arúfin ni wọ́n. Lójú ìjọba Èkó, agbófinró ni wọ́n. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìran sójà àti ọlọ́pàá wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1895, Ọ̀gágun Bower yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde àlàáfíà.

Nítorí náà, ọmọ mi Akin, olè ni olè, mo gbà. Ṣùgbọ́n bi mí bóyá mo lè dárúkọ ìjọba kan tí kò ní irú wọn nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Dírẹ́bà Ọ̀nà Wágà

Mo wa tirela láti Àbíjàn lọ sí Ouagadougou (Wágà), olú ìlú Burkina Faso, lásìkò náà. Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ. Tí o bá ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn sójà Faransé àti ti UN tó wà láàárín ilẹ̀ ìjọba àti ti ọlọ́tẹ̀, àwọn ọlọ́tẹ̀ á gba owó ìwé, wọ́n á tún gba owó ẹ̀ṣọ́ tó máa tẹ̀ lé ọkọ̀. O fẹ́ ẹ̀ṣọ́, o ò fẹ́ ẹ̀ṣọ́, o máa san án. Ta la fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ yẹn dáàbò bò wá lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn náà ni. Gbogbo dírẹ́bà ló mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ jáde.

Lẹ́yìn tí àlàáfíà dé ńkọ́? Aṣọ yí pa dà, ojú kan náà là ń rí. Ẹni tó gba owó mi nígbà tó jẹ́ ọlọ́tẹ̀, òun náà ni mo tún bá lójú ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ sójà ìjọba àti àmì ipò léjìká. Ó dá mi mọ̀. Ó kí mi.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, mo ka èyí sí màmá létí, wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín. Wọ́n ní bóyá ẹ ti gbé ẹrù àwọn rí.

Akin Apákè

Bàbá, mo dúpẹ́, mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà ló dùn mí jù, nítorí pé ó fi hàn pé ẹni tó gbé ìbọn ló jèrè. Níbí náà, ní 2009, wọ́n dárí ji àwọn ọmọ Niger Delta tó ń fọ́ páìpù epo, wọ́n ń san owó oṣooṣù fún wọn, wọ́n rán àwọn kan lọ sókè òkun kọ́ṣẹ́. Kí ni ọmọ abúlé kan náà tó jókòó ti ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí kò gbé ìbọn rí gbà? Ẹ dá mi lóhùn, Ọ̀mọ̀wé. Ṣé ìlànà tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé nìyẹn?

Olùwádìí Taakí

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù nínú kíláàsì, n kò sì ní fẹnu kan kọjá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Làìbéríà. Ogun parí ní 2003. Lábẹ́ ètò gbígba ìbọn, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 100,000, àmọ́ ìbọn tí wọ́n gbà kò ju nǹkan bí 28,000 lọ. Ọ̀pọ̀ tó gba owó kò jagun rí. Àwọn ọ̀gágun ló fi orúkọ ẹbí àti ọ̀rẹ́ kún un, wọ́n sì pín owó náà. Àwọn tó jagun ní tòótọ́, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, ọ̀pọ̀ wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà náà, àwọn ọmọ ogun kan gba oko rọ́bà Guthrie, wọ́n ń kọ rọ́bà, wọ́n ń tà á, wọ́n ń fi ẹ̀ṣọ́ wọn ṣọ́ ọ, títí di 2006 kí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti gba owó àlàáfíà, wọ́n sì tún wà lábẹ́ ọ̀gá àtijọ́.

Ibẹ̀ ni mo ń lọ. Owó tí wọ́n san fún ọmọ ogun kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀nà tí owó náà gbà dé ọwọ́ rẹ̀ ni. Bó bá gba ọwọ́ ọ̀gágun kọjá, ọ̀gágun ni ọmọ ogun á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò máa pè nígbà ìṣòro, ẹgbẹ́ náà kò sì tú ká bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn ti wọlé. Ẹ wo Sierra Leone ní tiwọn: ogun ibẹ̀ parí ní 2002 lẹ́yìn tí àwọn tó lé ní 70,000 ti fi ìbọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà ní Bo, Kenema àti Makeni. Ọ̀kadà gan-an ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni orúkọ náà ti lọ. Àwọn tó bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ wá wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́kadà kan náà, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń bá ọlọ́pàá fà á. Ìjọba ò fẹ́ràn wọn, aráàlú ń pè wọ́n ní jàǹdùkú. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ kò ti ọwọ́ ọ̀gágun kankan wá mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn ṣe fún àlàáfíà ju ọ̀pọ̀ àpérò lọ.

Ẹ wá pa dà sí Bouaké. Àwọn ọmọ ogun àwọn com'zone wọ iṣẹ́ sójà pọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá wọn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2017, wọ́n dìde ní Bouaké, wọ́n ní ìjọba jẹ àwọn lówó. Ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 12 sẹ́fà (owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀) fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan bí 8,400 sójà, ó sì san mílíọ̀nù 5 ṣíwájú. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, sójà kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní àwọn ti yááfì ìyókù. Láàárín ọjọ́ méjì, ìbọn ti ń dún láti Bouaké dé Àbíjàn, ìjọba sì tún gbà láti san. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ogun nìyẹn. Àwọn ọlọ́tẹ̀ àtijọ́ tí ìjọba ò gbà sínú iṣẹ́ sójà náà jáde lóṣù kan náà pé kí wọ́n san tàwọn, ọlọ́pàá tú wọn ká, ẹ̀mí sì lọ sí i.

Akin, ìwọ ló jàre nípa ọmọ abúlé tó jókòó ti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé kí owó àlàáfíà lọ sí àdúgbò, sí ọ̀nà, sí ilé ìwòsàn, sí iṣẹ́ tí ẹni tó jagun àti ẹni tí kò jagun lè jọ ṣe. Ó nira, ó ń pẹ́, kì í sì í mú olóṣèlú dára lójú fọ́tò bí ìbọn tí wọ́n kó jọ tí wọ́n dáná sun.

Ọmọ Ọlọ́dẹ Oríire

Mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Ọdẹ ni bàbá mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà nínú Àmọ̀tẹ́kùn láti 2020 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn ọdẹ wà nínú ogun Côte d'Ivoire àti ti Sierra Leone náà. Kí ló gbẹ̀yìn wọn? Nítorí inú àwa dùn sí àwọn ọdẹ wa, a ń sùn nítorí wọn.

Olùwádìí Taakí

Mo kí bàbá. Dozo ni wọ́n ń pe ọdẹ ní Côte d'Ivoire, Kamajor ní Sierra Leone. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ bí ọdẹ tiwa ṣe rí: ìbúra wà, èèwọ̀ wà, àgbà wà tó lè pè wọ́n jókòó. Ogun ló fẹ̀ wọ́n kọjá agbára àgbà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò búra lọ́nà àtijọ́ wọlé, tí ìbọn ńlá dé, ẹni tó lè bá wọn wí kò tó mọ́. Ní Côte d'Ivoire, àwọn dozo di ẹni tó ń dínà gbowó lẹ́yìn 2011. Ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2013 fẹ̀sùn ìpànìyàn kan àwọn kan nínú wọn. Ní Sierra Leone, Sam Hinga Norman tó ṣáájú àwọn Kamajor jẹ́ mínísítà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú un ní 2003 lọ sí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ogun. Ó kú ní 2007 kí kóòtù tó dájọ́. Àwọn kan ń pè é ní olùgbàlà títí di òní, àwọn kan sì ń sunkún ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ pa.

Àmọ̀tẹ́kùn ní òfin ìpínlẹ̀ lẹ́yìn, àwa kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ogun jáde, nítorí náà n kò ní fi wọ́n wé ara wọn gbooro. Ohun tí mo máa sọ fún bàbá ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí agbára àgbà ọdẹ kúrò nínú rẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ ní ibi tó lè fẹjọ́ sùn, kí wọ́n sì gbọ́ ọ.

Ọmọ Ọlọ́dẹ Oríire

Mo máa jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Ẹ ṣeun, sà.

Ọmọ Under-G

Ọ̀mọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí lọ́jọ́ iwájú. Báwo lẹ ṣe ń bi èèyàn léèrè irú nǹkan yìí láìkó wọn sí wàhálà? Àwọn tó gbowó yẹn ṣì wà nípò.

Olùwádìí Taakí

O bèèrè ohun tó yẹ. N kì í kọ orúkọ wọn sílẹ̀ rárá, àní nínú ìwé ara mi. N kì í bi wọ́n pé "ta ló gba owó yín", ohun tí mo ń bèèrè ni bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́rù, kí wọ́n fúnra wọn yan ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ní kí n dúró, mo dúró, n kò sì ní bèèrè ìdí. Ẹni tó bá pè mí lọ́jọ́ kejì pé òun ò fẹ́ kí n lo ohun tí òun sọ, mo máa pa á rẹ́. Má sì lọ bá ẹni tó gbé ìbọn kí o tó bá ẹni tó sanwó sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣòwò mọ ètò náà ju àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ, nítorí pé èrè wọn wà nínú kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Kọ́ èdè Faransé. Díúlà, èdè àwọn oníṣòwò ibẹ̀, tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alágbà Olùkọ́ Ìtàn

Díúlà àwọn ìyá wa ní Ọjà Jagun dán ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí ọmọ náà lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Dírẹ́bà Ọ̀nà Wágà

Ọ̀mọ̀wé, mo ṣì ní mẹ́ta nínú ìwé tí wọ́n fún wa lójú ọ̀nà. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù wọ́n, iye tí a san wà lára wọn. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹ bá bo orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò ní kúrò lọ́wọ́ mi.

Olùwádìí Taakí

Ẹ̀gbọ́n, kò ní kúrò lọ́wọ́ yín. Ilé yín ni màá ti wá yà á, lójú yín, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò sì bo orúkọ náà.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ

Màmá ní àwọn máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ má mú rẹ́kọ́dà wá, àti pé kí ọmọ Under-G yẹn bá yín wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ iye ìdì aṣọ tí àwọn sọ nù kí ẹ tó bi àwọn ní ìbéèrè kankan, kí ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ ṣáájú.